Òórùn Ìyeyè

“Ta ló ń jẹ ìyeyè nínú ilé yìí?”

Zùwáírátù dúró sẹ́nu ọ̀nà, bàtà kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́, ó ń fi imú wá òórùn náà kiri pálọ̀. Kò sí èso kankan lórí tábìlì. Sàídátù nìkan ló jókòó síbẹ̀, ìyàwó tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin fi sílẹ̀ lọ sọ́run. Zùwáírátù wo ikùn rẹ̀. Ìyeyè ni òun náà máa ń lá ṣáá nígbà tí ó lóyún àkọ́bí.

“Ìyàwó, má purọ́ fún mi. Ṣé nǹkan wà níbẹ̀ ni?”

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Sàídátù, ó gbé e mì. Ó na ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ síwájú. “Àǹtí, lọ́fínńdà ni.”

Ì bá sàn lójú Zùwáírátù bí ó bá jẹ́ oyún. Àná ni Sàídátù ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde opó. Zùwáírátù bi í léèrè ẹni tí ó ń ta sánsán fún nígbà tí koríko kò tíì hù lórí sàárè Adéwùnmí ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó jókòó, ó ṣàlàyé. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, ẹbí yóò pàdé nílé Àlàájì Gbádérọ̀ ní Bódìjà, nítorí ṣọ́ọ̀bù lọ́fínńdà tí tọkọtaya náà jọ ṣí ní Dùgbẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé opó kékeré kò gbọdọ̀ dúró láàárín ìgò, kí ó máa na ọwọ́ sí àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n gbọ́ òórùn.

“Lọ wẹ̀,” ni Zùwáírátù wí. “Fi kànìnkànìn bó o dáadáa, kí o wọ aṣọ dúdú yẹn padà. Bí wọ́n bá rí ọ bẹ́ẹ̀, màá rí ẹnu fi gbèjà rẹ, ṣọ́ọ̀bù á sì wà lọ́wọ́ rẹ.”

Ìmọ̀ràn rere ni, Sàídátù mọ̀ bẹ́ẹ̀. Zùwáírátù yìí kan náà ló ń gbé oúnjẹ wá fún un ní gbogbo ìgbà tí ó fi ṣe opó. Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ omi. Ó tún gbé ọwọ́ sí imú.

Òdòdó kan tó ń hù nílẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n fi ṣe lọ́fínńdà náà. Osmanthus ni wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Ẹni tó ń kó ọjà wá fún un fẹ́ gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú bóyá yóò tà á tàbí kò ní tà á. Sàídátù kò rí òdòdó yẹn rí láyé. Ṣùgbọ́n bí ó ti fín in sára láàárọ̀, abẹ́ igi ìyeyè ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà rẹ̀ ní Mọ́níyà ló bá ara rẹ̀, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, èso ń fọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ní báyìí, ìyeyè ti ń sá sẹ́yìn. Nǹkan mìíràn ń bọ̀, bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Kí ló tún kù lẹ́yìn ìyẹn?

Lọ́fínńdà kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán láàárọ̀. Ara ni a fi ń dúró dè é, títí di alẹ́. A kì í fi ojú olójú ṣòwò kó pé. Imú onímú ńkọ́?

Ó ti omi pa.

Ànkárá aláwọ̀ ìyeyè ló wọ̀ jáde. Nínú kẹ̀kẹ́ márúwá láti Agbówó dé Bódìjà, Zùwáírátù fi ìborùn bo imú.

Àwọn àgbà ti pé. Sàídátù kúnlẹ̀ kí wọn. Àlàájì Gbádérọ̀, àgbà ẹbí ọkọ rẹ̀, gbé imú sókè.

“Ta ló ra bàtà tuntun nínú yín?”

Oníkálukú wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

“Bàbá, ìyàwó yín ni,” ni Zùwáírátù wí. “Lọ́fínńdà ló fín.”

Awọ ni, ni Sàídátù ń rò lórí ìkúnlẹ̀. Awọ ló kù lẹ́yìn tíì.

Àlàájì ní, ní ti ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ opó Sàídátù ti parí lánàá. Ojú ayé ló kù. Ó bi í bóyá lọ́fínńdà yìí ni ó fẹ́ máa tà ní Dùgbẹ̀.

“Rárá, sà. Ó dára, ṣùgbọ́n oòrùn Ìbàdàn ti ń gbé e lọ. Ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ mi á padà wá bá mi jà.”

Zùwáírátù yíjú sí i. “O mọ̀ pé kò wúlò, o sì fẹ́ torí rẹ̀ pàdánù ṣọ́ọ̀bù?”

“Nígbà tí ẹ ní kí n lọ fọ̀ ọ́, Àǹtí, mi ò tíì mọ̀.” Ó gbé ojú sókè wo gbogbo wọn. “Bí ẹ bá fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù, ẹ gbà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í sílẹ̀ fún mi, báyìí ni n óò máa ṣe é.”

Ẹnìkan pòṣé. Àlàájì ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ Sàídátù ná. Zùwáírátù kò bá a padà.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Sàídátù ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀. Eruku bo ìgò gbogbo. Ó pe ẹni tó ń kó ọjà wá fún un, ó ní òun kò ní tà á. Lẹ́yìn náà, bí iṣẹ́ rẹ̀ ti rí, ó gbé ọrùn-ọwọ́ sí imú kí ó lè parí ìdájọ́.

Awọ ti lọ. Ohun kan ṣì wà níbẹ̀, ó gbóná díẹ̀, ó ní iyọ̀, ó ní òrí díẹ̀ nínú. Kò sí èyí nínú ìgò. Ó dijú, ó tún gbọ́ ọ, ó ń wá orúkọ fún un láàárín gbogbo òórùn tí ó ti tà rí. Òórùn káńfọ̀ inú aṣọ dúdú nìkan ló ti wà nímú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti sin Adéwùnmí, nítorí náà ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òórùn ara òun ni.