Mo Ní Kó Kó Gbogbo Ẹrù Ẹ̀ Wá

Èmi ni mo fà á. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́, torí mi ò ní gbà á lẹ́nu ẹlòmíì. Ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ má dá ara yín lẹ́bi." Irọ́ ìtùnú ló ń pa fún mi, ṣùgbọ́n irọ́ náà ni.

Iṣẹ́ aránṣọ ni mo fi tọ́ ọmọ mi, òun nìkan ni mo bí. Káfíńtà ni. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló gbéyàwó, nọ́ọ̀sì kan tí wọ́n bí sí òkè òkun, tó jẹ́ ọmọ onílùú lọ́hùn-ún. Ó wá kí ẹbí ẹ̀ níbí ni, ó ní kí ọmọ mi bá òun kan àga méjì. Fáníìṣì àga ò tíì gbẹ tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti délẹ̀.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá kí mi, nígbà tó ń lọ, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mo ní, "Kílé o." Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Wọ́n á gbọ́, Mà." Bí a ṣe ń sọ fún àlejò nìyẹn. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó ń jáde lọ ra búrẹ́dì lọ́jọ́ kan, ni ìyá tó ń gbé nísàlẹ̀ bá ní, "Ìyàwó, kílé o." Mo yọrí lójú fèrèsé. Mo ní, "Ilé wo ló fẹ́ lọ kí? Ibí kọ́ ni ilé ẹ̀ ni?" Ìyá yẹn ò kí mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò dùn mí.

Àpótí méjì péré ni ìyàwó gbé wọlé. Mo bi í pé ibo ni ìyókù wà. Ó ní ó wà lọ́hùn-ún, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin: yàrá òun, bẹ́ẹ̀dì òun, mọ́tò òun, owó òun ní báńkì. Ha! Orí mi gbóná. Ìyàwó wo ló ń fi ẹsẹ̀ kan sílé ọkọ, tó fi ìkejì síta? Obìnrin tó bá fi ẹrù sílẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀nà àtipadà ló ń wò, bí wọ́n ṣe kọ́ èmi nìyẹn. Mo sọ ọ́ láàárọ̀, mo sọ ọ́ lálẹ́. Mo fi ṣàwàdà, mo fi bínú. Ọmọ náà ò bá mi jà. Ó pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ó ní kó ta mọ́tò, kó fi bẹ́ẹ̀dì tọrẹ, kó gba ẹlòmíì sí yàrá. Ó ti àkáǹtì ẹ̀ pa. Nígbà tí ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì ẹ̀ tọ́hùn-ún parí, kò tún un gbà. Ó wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, mo ti kó dé tán o. Ó ku kẹ́ ẹ lé mi." Mo dìde, mo jó. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ ròyìn fún ìyá ìsàlẹ̀.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọdún tó kọjá ni wọ́n fẹ títì, tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi. Kò rí ibòmíì gbà. Àwọn ọsibítù ibí náà ò ka ìwé ìyàwó kún. Ìgbà tó wá lóyún, wọ́n gbìmọ̀ pọ̀ pé kó kọ̀wé sí ìjọba ilẹ̀ ẹ̀, kí wọ́n fún ọkọ ẹ̀ ní físà, kí wọ́n jọ lọ, kí ọmọ bọ́ sọ́wọ́ bàbá ẹ̀. Orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ ni wọ́n ti kọ fọ́ọ̀mù náà. Èmi ni mo tan iná fún wọn.

Oyún pé oṣù mẹ́fà kí èsì tó dé. A gbé e lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ní ọ́fíìsì lókè ilé ìtajà oògùn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sórí àga gígùn kan. Lọ́yà ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ó bi ìyàwó mi, "Ẹ nílé lọ́hùn-ún?"

"Rárá."

"Àkáǹtì ńkọ́?"

"Mo ti tì í pa."

"Ìwé owó-orí?"

"Mi ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́."

Lọ́yà fi bírò kan ìlà kan nínú fọ́ọ̀mù. "Ibi tí wọ́n ti béèrè ilé yín gan-an, ẹ kọ àdírẹ́sì ibí."

Ìyàwó mi ní, "Ilé ọkọ mi ni. Ibo ni ǹ bá tún kọ?"

Orí mi wú. Mo ní kí lọ́yà gbọ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀.

Lọ́yà bọ́ awò ojú ẹ̀. "Màmá, ẹni tó bá fẹ́ pe èèyàn wọlé, inú ilé ló gbọ́dọ̀ wà. Wọ́n ní kò gbé ọ̀dọ̀ wọn mọ́."

"Àbí wọn ò bí i síbẹ̀ ni?"

"Wọ́n bí i síbẹ̀. Ọmọ wọn ni. Kò kàn gbé ọ̀dọ̀ wọn ni."

Ó ní ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n fún wa. Kí ìyàwó padà sọ́hùn-ún, kó gba yàrá, kó wá iṣẹ́, kó fi ìwé tó ní àdírẹ́sì ibẹ̀ ránṣẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ti fáìlì wa pa, a ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Mo ní, "Ó dáa, kí ọkọ ẹ̀ sìn ín lọ."

Lọ́yà wò mí. "Màmá, ìwé tí ọkọ ẹ̀ máa fi lọ náà la ń wá."

Ọmọ mi bi í pé ìgbà wo lòun máa wá tẹ̀ lé e. Ó ní ó lè jẹ́ oṣù mẹ́jọ, ó lè jẹ́ ọdún kan ààbọ̀. Oṣù mẹ́ta ló kù kí ìyàwó bímọ. Bó bá sì dúró di oṣù kẹjọ, ọkọ̀ òfuurufú ò ní gbé e mọ́.

Bí a ṣe délé, a pe ẹ̀gbọ́n ìyàwó pé ṣé kò sí nǹkan kan tó kù lọ́hùn-ún tó ní orúkọ ẹ̀ lára. Ó ní, "Ṣebí ìwọ lo ní kí n kó gbogbo ẹ̀ dànù." Ó tú ilé, lẹ́tà dókítà eyín kan ló rí, tó ní kó wá fi èrìgì han òun, láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ó fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, a gbé e tọ lọ́yà lọ. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní, "Eyín yín nìkan ni wọ́n ń retí níbẹ̀."

Ọjọ́ kejì, èmi nìkan padà lọ. Mi ò sọ fẹ́nì kankan. Mo ní, "Ọmọ mi, kọ̀wé sí wọn pé èmi ni. Ìyá ọkọ ẹ̀ ló ní kó kó gbogbo ẹrù ẹ̀ wá. Màá fọwọ́ sí i. Tí wọ́n bá fẹ́ bínú, kí wọ́n bínú sí mi." Ó bu omi fún mi. Ó ní, "Màmá, kò síbi tí wọ́n ti béèrè ìyá ọkọ nínú fọ́ọ̀mù." Mo mu omi náà tán. Kí ni ǹ bá tún ṣe? Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn wọn, mo sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí a gbà pé kí ìyàwó lọ, lọ́yà ní kó kó gbogbo ẹrù ẹ̀ lọ, kó má fi nǹkan kan sílẹ̀, kó tọ́jú ìwé tí wọ́n bá fi gba ẹrù lọ́wọ́ ẹ̀ dáadáa, kó lè fi hàn pé ó ti kó kúrò níbí. Èmi tí mo ní kó kó o wá, èmi náà ni mo ń ká a sínú àpótí. Aṣọ oyún mẹ́rin tí mo rán fún un, mo ká a. Mo já fọ́tò ìgbéyàwó lára ògiri.

Ọmọ mi ti kan bẹ́ẹ̀dì ọmọ sílẹ̀, pákó tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù ló fi kàn án. Ó ń tú u palẹ̀, ó ń fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sára pákó kọ̀ọ̀kan, ó da àwọn síkúrù sínú ọ̀rá.

Ìyàwó ní, "Ta ló máa tò ó?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi? Tí ò mọ orí ìṣó yàtọ̀ sí ìdí ẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ ẹ̀rín mọ́. Mo yọjú, ọmọ mi gbé orí lé ikùn ìyàwó ẹ̀, ọ̀rá síkúrù ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo padà sẹ́yìn. Ó dùn mí dé egungun.

Ìkìlọ̀ tí lọ́yà ṣe kẹ́yìn ni pé, tí àwọn òṣìṣẹ́ ibodè bá bi í léèrè lọ́nà, kò gbọdọ̀ sọ pé òun ń padà bọ̀. Ilé ló ń lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ náà, pákó bẹ́ẹ̀dì gba gbogbo ẹ̀yìn takisí, kò sí àyè fún mi. Ọmọ mi ló máa sìn ín dé pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ìyá ìsàlẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀, ó káwọ́ gbera. Ìyàwó mi fẹ́ kúnlẹ̀ tòun ti oyún, mo dì í mú.

Ó ní, "Màmá, mò ń..."

Ta ló ń jáde nílé tó ń sọ pé òun ń lọ? Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ti gbọ́ "mò ń bọ̀" lẹ́nu ọmọ yìí láàárín ọdún mẹ́ta! Lónìí, kò parí ẹ̀. Mo wo ìyá ìsàlẹ̀. Òun náà wo ilẹ̀. Dẹ́rẹ́bà fọn fèrè.

Mo fọwọ́ kan ikùn ẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó mi, kílé o."

Ó wò mí, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní, "Wọ́n á gbọ́, Mà."