Ìròyìn tí Delima Kà Láàárín Bíńgò

Nígbà náà, Ovide ṣì wà láyé, òun ló ń pe nọ́ńbà bíńgò lórí rédíò abúlé wa ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Friday, tí oníkálukú á máa sàmì sí nọ́ńbà lórí káàdì rẹ̀ nílé, ẹni tó bá kọ́kọ́ parí ìlà á sì fi tẹlifóònù pariwo pé òun jẹ. Domitilde ṣì wà láyé, olórí Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá Tí Kì í Mutí. Rosalie náà wà láyé, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, eyín mẹ́ta péré ló kù sí i lẹ́nu, ó sì ń fi wọ́n yangàn. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Delima akọ̀ròyìn. Ọmọ ọmọ rẹ̀ náà ni Isidore, tó wà lẹ́wọ̀n.

Wọ́n ní Isidore ló dáná sun ilé tí àwọn ọlọ́pàá ń kó alùpùpù orí yìnyín wọn sí. Kóòtù máa ń wọ bàálù wá sí abúlé wa ni; lọ́yà tó bá adájọ́ wọ bàálù kan náà bá a sọ̀rọ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní kó ṣáà gbà pé òun jẹ̀bi, kò ní pẹ́ tí yóò fi padà sílé. Ọmọ náà gbà. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n jù ú sí. Ìwé ìròyìn kankan kò kọ ọ́. Dókítà sì ti sọ fún Delima pé ọkàn ìyá àgbà kò lè dúró tó ọdún kan. Rosalie ní irọ́ ni dókítà ń pa, òun ò lọ síbì kankan àfi tí Isidore bá dé.

Ọdún yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ kan ní ìlú ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í san owó oṣù fún akọ̀ròyìn tó bá jẹ́ ọmọ onílẹ̀ bíi ti àwa ẹ̀yà Kirii, tí a ti wà lórí ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé, kó lè tọpa ìwà ọ̀daràn àti ìrẹ́jẹ tí ẹnikẹ́ni ò kà sí. Wọ́n fún Delima ní ọdún kan, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, àti ìwé pélébé kan tó ń kọ́ni bí a ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀: ta ni, níbo, nígbà wo.

Ìwé yẹn ló kó bá a. Lọ́dọ̀ wa, a kì í ju ìbéèrè lu àgbàlagbà bí ẹni ju òkò. Bó bá ti béèrè, wọ́n á rọ tíì fún un. Ilé mẹ́rìnlá ló ti mu tíì lọ́sẹ̀ kan, ìtọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ohun tó sì wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀ kò ju fọ̀ọ́ fọ̀ọ́ tíì àti ajá tó ń gbó. Isidore gan-an, nígbà tó lọ kí i lẹ́wọ̀n, ohun tó sọ kò ju pé òun wà lódìkejì adágún lọ́dọ̀ ẹnì kan, òun sì ti ṣèlérí pé òun ò ní dárúkọ ẹni náà.

Rosalie ló là á lóye. Ó ní, “Ìwọ Delima, o ń fi ẹsẹ̀ wá etí kiri. Ìrọ̀lẹ́ Friday, gbogbo etí wà níbì kan.”

Ni Delima bá lọ bẹ Ovide. Ovide ní bíṣọ́ọ̀bù wá lọ́jọ́ kan, bíńgò ò dúró. Ó bẹ̀ ẹ́ títí, Ovide wá gbà fún un ní gbólóhùn kan láàárín nọ́ńbà méjì, kò gbọdọ̀ lé.

Friday dé. Odidi itan ìgalà ńlá ni ẹ̀bùn.

“B méje,” Ovide pè é.

“Aago méje ìrọ̀lẹ́ Friday ni iná náà sọ,” Delima ka tirẹ̀.

“N ogójì.”

“Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ọlọ́pàá ní, ẹ̀yìn èèyàn ló rí, kò rí ojú.”

Tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹnì kan ní òun ń bọ̀ wá da yìnyín sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ta ló máa pa rédíò nígbà tí itan ìgalà wà nílẹ̀? Nígbà tó fi di nọ́ńbà kẹwàá, àwọn èèyàn ti ń jà lórí ẹjọ́ Isidore nínú ilé, wọ́n gbàgbé láti sàmì sí káàdì.

“G àádọ́ta.”

“Isidore ní òdìkejì adágún ni òun wà, lọ́dọ̀ ẹni tí òun ò ní dárúkọ.”

Tẹlifóònù tún dún. Ovide rò pé ẹnì kan ti jẹ ni, ó gbé e sórí afẹ́fẹ́. Domitilde ni.

“Ṣé o ti jẹ ni, Domitilde?”

“Mi ò jẹ nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ yẹn wà.”

“Kí ló ń ṣe lọ́dọ̀ rẹ?”

“Ó ń mu ọtí tí mo pọn.”

Obìnrin tó ti da ìgò ọtí ìdajì àwọn ọkùnrin wa nù ni o. Ó ní Isidore wá tún rédíò òun ṣe, òun bu ife kan fún un, ó di mẹ́rin, òun náà sì bá a mu ún. Òun bẹ̀ ẹ́ kó má sọ. Nígbà tí wọ́n rán an lẹ́wọ̀n, ojú ti òun, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò bi òun. Ó tún wá ní, “Ọtí ọ̀hún dùn, mi ò ní purọ́.”

Ovide rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá àwo nọ́ńbà dànù, gbogbo rẹ̀ yí wọ abẹ́ tábìlì. Domitilde ní kó yé rẹ́rìn-ín, Ovide fúnra rẹ̀ ló bú Isidore lórí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ iná náà, nígbà tí ọmọ náà fi tẹlifóònù ilé òun pariwo pé ó ti jẹ, tí kò jẹ. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Ovide. Gbogbo bíńgò ló ń gbà sórí kásẹ́ẹ̀tì, nítorí àwọn tó máa ń jà pé àwọn ló kọ́kọ́ pè. Àwọn apariwo-èké sì pọ̀ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ta ló máa rántí? Ẹni tó bá gbà pé òun jẹ̀bi, kóòtù kì í bi í léèrè ibi tó wà ní aago tí nǹkan ṣẹlẹ̀.

Òun àti Delima tú àpótí kásẹ́ẹ̀tì títí wọ́n fi rí ti ọjọ́ iná náà. Ohùn Isidore rèé tó ń pariwo, Ovide ń dárúkọ rẹ̀, ó ń bú u, ó ní aago méje ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, kó lọ sùn. Lẹ́yìn Isidore, Domitilde ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń ṣì í kọ. Wákàtí kan gbáko ni ilé rẹ̀ sí ibi tí iná ti jó, pẹ̀lú alùpùpù tó yá jù.

Delima kọ ọ́, ìwé ìròyìn ìlú ńlá gbé e, ilé ẹjọ́ fagi lé ẹ̀bi náà. Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ò yọ Domitilde nípò. Wọ́n ní ó kéré tán, ó mọ ohun tó ń bá jà. Níwọ̀n bí bíńgò ti dàrú, itan ìgalà, a sè é, gbogbo wa jẹ ẹ́.

Isidore dé lọ́jọ́ Tuesday. Rosalie ní kó jókòó, kó sọ ti ife mẹ́rin náà, ó sì mú un sọ ọ́ lójoojúmọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bíi pé kò gbọ́ ọ rí. Ọjọ́ kẹsàn-án, Isidore ń fún un ní ọbẹ̀ ẹja, Rosalie ní ó tó, ó gbá ọwọ́ ọmọ náà mú, ó sì kú.