Ìṣirò Tí Wọ́n Yọ Kúrò Nínú Ìwé Lucien

Ìyáàfin Aldersey kì í kí ènìyàn lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tó tìtorí rẹ̀ pè ọ́ ló máa kọ́kọ́ sọ. Bí o bá fẹ́, kí o kí ara rẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Kejìlá, ohun tó sọ fún Renard Tolliver ni pé, “Ọmọ yín ti Lúísíánà, wọ́n ti yọ kákúlọ́ọ̀sì, ìṣirò tó le jù yẹn, kúrò nínú ìwé rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì la máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ìwé náà bá ṣe wà yìí, mi ò ní fọwọ́ sí i.” Kí Renard tó la ẹnu, obìnrin náà ti gbé fóònù sílẹ̀.

Iṣẹ́ Renard ni láti máa wá àwọn ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá wá sí Yunifásítì Wexcombe, bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni o, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sá, tí wọ́n sì ń fi èjìká kọlu ara wọn. Àwọn kóòṣì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí níbòmíràn máa ń káàánú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, bí wọ́n bá ti rí ọmọ tó tóbi tó sì lè sáré, ó parí. Ní Wexcombe, ọmọ tó lè gbé màlúù ṣubú kò wúlò bí kò bá mọ ìwé dáadáa, ọmọ tó sì mọ ìwé dáadáa kì í sábà fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé òun ṣubú. Kóòṣì kàn ń dábàá orúkọ ni. Ọwọ́ ìyáàfin Aldersey, ní ọ́fíìsì ìgbaniwọlé, ni ọ̀bẹ wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn kóòṣì Wexcombe fi ní èèwọ̀ kan: o lè sọ fún òbí pé “a wà lẹ́yìn ọmọ yín,” ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ sọ pé ọmọ ti wọlé títí lẹ́tà á fi jáde.

Renard ti jẹ èèwọ̀ náà. Nínú oṣù Kẹwàá, ó lọ sí ilé Verdell Batiste ní ìlú Coulee Noire, obìnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, tó dá tọ́ ọmọ rẹ̀ Lucien. Renard ń jẹ àwo kejì gọ́ńbò, ọbẹ̀ ilá ìlú wọn, nígbà tí obìnrin náà bi í pé, “Kóòṣì, yunifásítì ìpínlẹ̀ wa ti ní àwọn á san gbogbo ẹ̀ fún Lucien. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì. Kí ni ká wí fún wọn?” Gọ́ńbò náà dùn, ilé náà tura, ọmọ náà sì jókòó síbẹ̀, ó tóbi ju àga rẹ̀ lọ, ó ń wo ẹnu Renard. Renard bá sọ pé, “Ẹ fọkàn balẹ̀, ma. Tiwa ni.” Ní ọjọ́ kejì, wọ́n kọ̀ fún yunifásítì ìpínlẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, wọ́n ti fi àyè náà fún ọmọ mìíràn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Bí Wexcombe bá wá kọ Lucien báyìí, ọmọ náà ti já sí òfo lápá méjèèjì nìyẹn. Ìrònú yìí ló bá Renard wọ bàálù lọ sí Lúísíánà ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé náà. Ojú ìyá Lucien ló ń rí ní gbogbo ibi tó bá yíjú sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó bá Kóòṣì Alcide Fontenot ní ọ́fíìsì rẹ̀ nílé-ìwé. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá yìí ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ Coulee Noire ní bọ́ọ̀lù. Ó ń jẹun àárọ̀ lórí tábìlì.

“Háà, Tolliver! Ọmọ àwọn ọ̀mọ̀wé! Ṣé òtútù ló lé ẹ wá bá wa?”

“Ẹ káàárọ̀, Kóòṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló yọ Lucien kúrò nínú kákúlọ́ọ̀sì?”

“Èmi ni.” Fontenot nu ọwọ́, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Láti oṣù Kẹsàn-án. Mo ní kó máa lọ jókòó sí láíbìrì ní wákàtí yẹn, kó máa sinmi. Ṣó o ti rí ìwé èsì ẹ̀? A, A, A, bí ìwé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ A.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Kí ló dé kẹ̀? Ìwọ lo ní kí n ṣe é! Àbí o ti gbàgbé? O pè mí, o ní, ‘Kóòṣì, ẹ bá mi mójú tó máàkì ọmọ yẹn, ẹ má jẹ́ kó já rárá.’ Ìṣirò yẹn nìkan ló lè já a lulẹ̀. Mo mójú tó o nìyẹn.”

Renard wá ibi jókòó sí. Òótọ́ ni bàbá náà sọ, ọ̀rọ̀ yẹn gẹ́lẹ́ ló ti ẹnu òun jáde. Ní àwọn yunifásítì tí Fontenot ti ń kó ọmọ lọ láti ọjọ́ yìí, àròpọ̀ máàkì nìkan ni wọ́n ń wò, nítorí náà bí iṣẹ́ kan bá wúwo, wọn á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí ọmọ kó lè sáré. Ní Wexcombe, ọmọ tó bá sá fún iṣẹ́ tó le ti sọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀ fún wọn. Renard mọ àṣà méjèèjì. Òun ló wà láàárín, òun ni kò là á yé wọn.

Ó là á yé Fontenot báyìí. Ojú bàbá náà wálẹ̀, ó ti oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ṣé mo ti ba tọmọ náà jẹ́ nìyẹn?”

“Àwa méjèèjì ni, sà.”

“Ó dáa, gbọ́. Jẹ́ ká sọ fún wọn pé akọ̀wé ló ṣì í kọ. Akọ̀wé wa ò ní bá mi jiyàn.”

Renard ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ọmọ náà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Lucien. Ọmọ náà tẹ orí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé, nígbà tí wọ́n sì bi í léèrè kákúlọ́ọ̀sì, ojú tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

“Kóòṣì, ẹ má bínú sí mi. Mi ò lọ láíbìrì yẹn rí.”

“Kí lo wí?” Fontenot dìde.

“Wákàtí yẹn náà ni Míìsì Trahan ń kọ́ wọn ní kákúlọ́ọ̀sì. Mo máa ń lọ jókòó sẹ́yìn. Wọn kì í pe orúkọ mi, ṣùgbọ́n mo máa ń ṣe ìdánwò.”

“Láti oṣù Kẹsàn-án? O wá ń parọ́ fún mi?”

“Ẹ ò bi mí rí, sà.”

Renard fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ò jẹ́. “Lucien, wọ́n ti ní kó o lọ sinmi. Kí lò ń wá lọ síbẹ̀?”

Ọmọ náà ronú díẹ̀. “Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kí wọ́n tó yọ mí, sà. Kò sì tíì yé mi.”

Míìsì Trahan, olùkọ́ ìṣirò náà, jẹ́ obìnrin tín-ín-rín kan tí kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù rárá. Nígbà tí wọ́n kan ìlẹ̀kùn rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Bó bá jẹ́ pé ẹ wá mú un kúrò níbí ni, ẹ máa bá mi jà.” Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá, ó fa dúróọ̀ tábìlì rẹ̀, ó kó ìwé ìdánwò Lucien jáde, gbogbo rẹ̀ pé pérépéré. Renard wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjìdínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Mẹ́rìnléláàádọ́rin. Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ìdùnnú tó ti ń bọ̀ nínú rẹ̀ tún rọ̀ wálẹ̀.

Wọ́n padà sí ọ́fíìsì, Renard sì pe ìyáàfin Aldersey. Fontenot dúró níwájú rẹ̀, ó ń la ẹnu láìsí ohùn: akọ̀wé, akọ̀wé. Renard mọ̀ pé wọ́n lè gba irọ́ náà gbọ́. Bó bá sì rí bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ nípa ìlérí tó ṣe nínú ilé Verdell, iṣẹ́ rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ fún un. Àmọ́ ọmọ náà dúró síbẹ̀, ó ń wò ó.

“Ìyáàfin,” ni Renard wí, “èmi ni mo fà á.” Ó sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ọ̀rọ̀ máàkì tó bá Fontenot sọ àti kíláàsì tí Lucien ń yọ́ lọ jókòó sí, títí dé orí yunifásítì ìpínlẹ̀ tí wọ́n kọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Ti ìyá ọmọ náà ni obìnrin náà kọ́kọ́ dì mú.

“Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ pé ó ti wọlé?”

“Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀.”

“Ọ̀kan náà ni. Èló ló gbà nínú ìdánwò tó kẹ́yìn?”

Renard gbé ìwé ìdánwò náà sójú, Fontenot sì ń mi orí kíkankíkan pé kó má kà á. “Mọ́kànlélọ́gọ́ta, ìyáàfin,” ni Renard wí.

“Nínú kíláàsì tí ẹnikẹ́ni ò ní kó wá?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Lẹ́yìn mọ́kànlélọ́gọ́ta yẹn, ṣé ó tún padà lọ?”

Renard fi ọwọ́ bo fóònù. “Lucien, lẹ́yìn ìdánwò yẹn, ṣó o padà lọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀. Mo fẹ́ mọ ibi tí mo ti ṣì í.”

Renard sọ ọ́ bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́. Ohun kan dún lórí fóònù tó dà bí ikọ́. Lẹ́yìn náà ni Renard tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni.

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá orúkọ rẹ̀ padà síbi tó ti ń jókòó,” ni ìyáàfin Aldersey wí, “pẹ̀lú máàkì tó gbà gan-an. Wọn ò gbọdọ̀ fi ẹyọ kan lé e. Kí olùkọ́ rẹ̀ fọwọ́ sí i, kó sì dé ọwọ́ mi kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Màá fi han àwọn tó kù. Ní tiyín, Ọ̀gbẹ́ni Tolliver, èmi pẹ̀lú yín á sọ̀rọ̀ bẹ́ ẹ bá dé.”

“Kí ló wí?” Fontenot kò lè dúró lójú kan mọ́.

“Ó ní ká já máàkì ẹ̀ wálẹ̀. Bí a bá pa àwọn ìdánwò yẹn pọ̀, C la máa fi sínú ẹ̀.”

“C!” Bàbá náà lu àyà. “Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń bẹ àwọn tíṣà pé kí wọ́n bá mi sọ C di B. Èmi ni màá wá lọ bẹ akọ̀wé pé kó bá mi wá C?” Àmọ́ ó ti ń jáde lọ bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń sáré ju bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe gbà lọ.

Ìwé náà lọ ní Ọjọ́rú. Renard kò lè padà sílé. Ó ń sùn sí òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan lójú títì, kì í sì í sùn ní ti gidi. Ní agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, fóònù dún nígbà tó wà nínú ọkọ̀. “Ó ti wọlé. Lẹ́tà ti jáde,” ni ìyáàfin Aldersey wí, ó sì gbé e sílẹ̀. Renard gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀, ó mí kanlẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá rẹ́rìn-ín. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ tilẹ̀ dúró bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ó ní ara òun kò yá tó báyìí rí.

Bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ìyeyè wà níwájú ilé Verdell nígbà tó débẹ̀. Obìnrin náà jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ti ka lẹ́tà náà lórí fóònù rẹ̀ tán, ó ń sunkún, ó ń fi apá aṣọ nu ojú. Lucien ló fún un ní ìwé èsì tuntun, tó sì rọra sọ díẹ̀ fún un nínú ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Kóòṣì, kí lèyí?” Ó na ìka sí C náà.

“Òun ló ṣílẹ̀kùn, ma.”

“Nínú ilé mi?” Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Lucien, bí o bá tún gbé irú ẹ̀ wọlé, ìwọ àti ìlẹ̀kùn yẹn lẹ jọ ń lọ.” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, obìnrin náà ṣì ń wo Renard.

“Ká ní ó ti bàjẹ́ ńkọ́? Ṣé ẹ̀ bá wá wo ojú mi síbí, bẹ́ ẹ ṣe wá lónìí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni” ló kọ́kọ́ wá sí Renard lẹ́nu. Ó gbé e mì. “Mi ò mọ̀, ma. Ó ṣeé ṣe kí n kàn pè yín lórí fóònù.”

Verdell kò bínú. Ó sún, ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. “Ẹ jókòó. Ẹ fi ẹnu ara yín sọ gbogbo ẹ̀ fún mi, kí n gbọ́.”

Renard jókòó, ó sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, kò fi ohunkóhun pamọ́, Lucien sì ń gbọ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ara rẹ̀ ń fúyẹ́. Nígbà tó parí, obìnrin náà mi orí, ó nu ojú rẹ̀ kẹ́yìn.

“Ó dáa. Mo gbọ́,” ló wí. “Ẹ jẹ́ kí ìyá tẹ́ ẹ bá tún lọ bá tètè gbọ́ òótọ́ tiẹ̀ náà, kó tó kọ ọ̀nà kejì sílẹ̀.”