Ẹ̀dà Tó Ṣẹ́kù Lọ́wọ́ Rekiat

Rekiat kò ka ọgbọ́n Hameed, àbúrò rẹ̀, sí rí. Nígbà tí bàbá wọn kú, tí iṣẹ́ gbígba ẹrù jáde ní èbúté bọ́ sí wọn lọ́wọ́, Hameed ló lọ jókòó sórí àga ọ̀gá ní ọ́fíìsì Warehouse Road. Ó ní òun lọ́kùnrin. Ó ra kọ̀ǹpútà, ó fi irin dí fèrèsé, ó gba mẹ́gáàdì. Lẹ́yìn náà ló wá ń ti Ajégúnlẹ̀ gbé dísìkì géèmù ayédèrú wá, tó ń tì wọ́n bọ inú ẹ̀rọ tí ìwé ẹrù gbogbo oníbàárà wà.

"Olè tí o fi irin dí lọ́nà," Rekiat wí, "ìwọ náà lo tún ń fà á lọ́wọ́ wọlé."

"Àǹtí mi, ẹ gbájú mọ́ àwọn oníbàárà. Ẹ fi ti kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún mi."

Rekiat kò tún bá a sọ ọ́ mọ́. Àmọ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ó ń ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà sórí dísìkì kan, ó ń gbé e lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sísàlẹ̀ bí ewé gbígbẹ. Fáírọ́ọ̀sì, àrùn kọ̀ǹpútà, ti bá dísìkì géèmù wọ̀ ọ́. Hameed sáré kó àwọn dísìkì ẹ̀dà ìwé ẹrù tó wà nínú dúrọ́ọ̀ jáde.

"Má tì wọ́n bọ ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn yẹn," Rekiat wí. "Yóò ràn wọ́n."

Hameed ti àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́, ó bàjẹ́. Ó ti èkejì bọ̀ ọ́. Rekiat ń wò ó bí ẹni ń wo àgbàlagbà tó ń fẹnu fẹ́ iná pẹtiróò. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ run tán, Hameed nawọ́ sí i.

"Ẹ jẹ́ ká lo tilé yín."

"Kì í ṣe ọwọ́ yẹn ni n ó fi í lé," Rekiat wí.

Liverpool Road ló gbà lọ, sọ́dọ̀ Efe ọ̀rẹ́ rẹ̀, onímọ́tò akẹ́rù, tí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kò ní àrùn. Ibẹ̀ ló ti tẹ àwọn ìwé náà jáde láti inú dísìkì ilé rẹ̀, ẹrù Obiageli, oníbàárà wọn tó tóbi jù, sì kúrò ní èbúté Tin Can Island kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Obiageli wá dúpẹ́. Hameed fẹ àyà. "A ti gbèrò rẹ̀ sílẹ̀, màdáàmù. Mo máa ń ronú jìnnà."

"Sọ fún wọn," Rekiat wí, "ibo lo tọ́jú ẹ̀dà náà sí?"

Hameed gbójú sókè wo àjà.

Lọ́jọ́ kejì, Rekiat gba kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà, ó ní kí Hameed máa kí àlejò, torí ẹnu rẹ̀ dùn. Ó rò pé àbúrò òun yóò jà. Hameed rẹ́rìn-ín músẹ́, ó béèrè bóyá wọn yóò ra àga tuntun fún òun.