Ta Ni Ọ̀rọ̀ Tirẹ̀ Yàtọ̀?

Eré orí fóònù ni aránṣọ ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ṣe lọ́sàn-án, kálukú nínú ilé tirẹ̀. Eré náà á fún ẹni mẹ́ta ní ọ̀rọ̀ kan náà, á sì fún ẹnì kan ṣoṣo ní òmíràn. Gbogbo wọn á sọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ wọn, wọn á wá mú ẹni tó yàtọ̀.

"Irin ni," nọ́ọ̀sì sọ.

"Inú báàgì ni mo ti máa ń wá a," onídìrí sọ.

Tíṣà ní, "Mo ti sọ méjì nù lọ́dún yìí."

Ó wá kan aránṣọ. "Ọwọ́ ọkọ mi ló máa ń wà."

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ pálábá ẹ ti ségi, òpùrọ́!" Wọ́n dìbò yọ ọ́ kíá.

Àfi bí eré ṣe tú àṣírí: òòyà ni ọ̀rọ̀ onídìrí. Ti àwọn mẹ́ta yòókù, títí kan aránṣọ, kọ́kọ́rọ́ ilé ni.

"Ọwọ́ ọkọ rẹ ni kọ́kọ́rọ́ ilé máa ń wà?" tíṣà bi í.

"Ọ̀rẹ́ mi," nọ́ọ̀sì rọra pè é, "ṣé o lè jáde síta báyìí?"

Aránṣọ wo ilẹ̀kùn, ó wo aago.

"Aago mẹ́fà ni ọkọ mi máa dé," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká tún eré náà ṣe."