Hẹ́dífóònù Tí Kò Kọrin

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkùnrin yìí lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbà pé ojú ló ń tì í. Fèrè ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí láti ìgbà tó ti di olùkọ́ eré ìdárayá ni fèrè kan kì í ti í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bó ṣe ń fọn ọ́ fún àwọn tó fẹ́ sáré ló ń fọn ọ́ fún àgbàlagbà tó bá ṣèèṣì gba àárín pápá kọjá. Ó fẹ̀yìn tì, fèrè dákẹ́, ó wá ku etí. Díẹ̀díẹ̀ ni fèrè yẹn ti jẹ etí náà, bí ìkán ṣe ń jẹ ilẹ̀kùn. Nínú yàrá tó dákẹ́, bí ẹ bá kọjú sí i, yóò gbọ́ yín. Níta, tí atẹ́gùn ń fẹ́ tí ọkọ̀ sì ń kọjá, ẹnu yín nìkan ni yóò máa rí.

Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, àgàgà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Àwọn méjì péré ló ṣẹ́kù nínú ọmọ ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n yìí ló gbé e pọ̀n, òun ló mú un lọ sílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun náà ló sì ń lọ bẹ̀bẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá ja ìjà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀pọ̀ ọdún tó fi ń rìn láàárín bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn tó ń sùn ti sọ ohùn rẹ̀ di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ wo bí ayé ṣe ń ṣeré: ẹni tó fi fèrè ba etí ara rẹ̀ jẹ́ ni a fún ní ẹ̀gbọ́n tí ohùn rẹ̀ kì í ju ti ẹni tó ń dá gbàdúrà lọ.

Dókítà ní kí obìnrin náà máa rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, àbúrò rẹ̀ sì gbà láti máa bá a rìn. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbéra lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n, níwájú yàrá méjì tó háyà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì. Wọn a gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé kọjá, wọn a gun òkè lọ síbi táńkì omi, wọn a sì padà. Ẹ̀gbọ́n a máa sọ̀rọ̀, àbúrò a máa dáhùn.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ọmọkùnrin tí obìnrin náà kọ́kọ́ bí, tó ń gbé nílùú tó jìnnà, bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lórí fóònù pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó sì fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́. Fèrè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà nínú yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, inú rẹ̀ ò sì dùn sí i rárá. Yàrá kan ṣófo nílé tirẹ̀ láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ó kun yàrá náà, ó fi kọ́tìnnì tuntun sí i, ó tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe. Ohun tó fẹ́ sọ kò ju pé, “Àǹtí mi, ẹ má lọ, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi.” Àmọ́ báwo ni àbúrò ṣe máa já ìyá gbà lọ́wọ́ ọmọ tó bí? Ó ní òun á dúró di ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun bá bi òun léèrè. Ìdáhùn ti wà lẹ́nu rẹ̀, ìbéèrè ló ń retí.

Láàárín àkókò yẹn ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Káfíńtà àdúgbò kí i títí, kò dáhùn. Ìyàwó oníbúrẹ́dì bi í léèrè ara, ńṣe ló kọjá lọ láìwẹ̀yìn. “Fèrè ti ń gbéra ga o,” ni wọ́n ń wí. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá fi parí gbogbo ẹjọ́ yẹn, pé etí òun ti di. Kò lè sọ ọ́. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ọ̀gá àgbà kan wà nílé ìwé wọn tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa, Fèrè ló sì máa ń ṣe bíi tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a fi ọwọ́ sẹ́tìí, a ní, “Ẹ̀ẹ̀ẹ́n?” Àwọn olùkọ́ tó kù a rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ó mọ ohun tí ojú èèyàn ń rí lọ́wọ́ irú òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀dọ́kùnrin kan sáré kọjá lára rẹ̀ tòun ti hẹ́dífóònù ńlá létí. Àwọn èèyàn ò bá a sọ̀rọ̀ rárá, ńṣe ni wọ́n ń juwọ́ sí i, òun náà ń juwọ́ padà. Kò sẹ́ni tó pè é ní agbéraga. Fèrè dúró lójú ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé òun ti rí oògùn.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta hẹ́dífóònù. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ kọjú sí i, èyí sì mú kó gbọ́ ọ dáadáa.

“Ẹ káàbọ̀, sà. Kí lẹ fẹ́ máa fi ṣe?”

“Ìrìn àárọ̀ ni. Mo fẹ́ èyí tí kò ní wáyà.”

Ọmọ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kó àwọn kéékèèké kan jáde. “Inú etí ni àwọn wọ̀nyí ń wọ̀. Òógùn ò lè bà wọ́n jẹ́, àmọ́ wọ́n lè já bọ́ bí ẹ bá ń sáré.” Ó tún mú òmíràn tó rí tẹ́ẹ́rẹ́. “Eléyìí ò wọ inú etí rárá. Ẹ̀gbẹ́ etí níbí ló ń jókòó sí. Ẹ ó máa gbọ́ ọkọ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ ẹni tó bá ń pè yín. Ẹni tó bá ń rìn lójú títì, eléyìí ni mo máa ń ní kó mú.”

Ó fi í sí i létí, ó sì fi orin sí i. Fèrè ní kó gbé e sókè. Ó gbé e sókè. Ó ní kó tún gbé e sókè, títí oníbàárà mìíràn fi bojú wẹ̀yìn láti wo ibi tí orin ti ń wá. Ọmọbìnrin náà pa orin náà, ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ẹ má bínú, sà. Bàbá mi náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín yẹ etí wò lọ́sibítù. Nǹkan wà tí wọ́n ń fi sí i báyìí.”

“Ta ló sọ fún ẹ pé etí ń dùn mí?” Fèrè wo ara rẹ̀ nínú dígí. Nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ náà ti rá mọ́ inú irun rẹ̀. “Àti pé ta ló máa rí eléyìí?”

“Ẹ̀n, sà?”

“Gbé tòkè yẹn wá. Èyí tó pupa.”

“Ìyẹn tóbi jù fún ìta, sà. Ó ń dí etí pátápátá ni. Òógùn á kún inú rẹ̀, ẹ ò sì ní gbọ́ hóònù ọkọ̀.”

“Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́.”

Báyìí ni àgbàlagbà ṣe fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò níbi tí ire wà, tó sì tún dúpẹ́.

Oògùn náà kọ́kọ́ jẹ́. Káfíńtà ń juwọ́ sí i, ìyàwó oníbúrẹ́dì ń pariwo pé, “Fèrè ti di ọ̀dọ́!” Ẹ̀rín tó wà lójú rẹ̀ ni Fèrè rí, ó sì rẹ́rìn-ín padà. Kò fi orin kankan sínú nǹkan náà. Kò tilẹ̀ ṣáàjì rẹ̀ rí.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ìka sí etí rẹ̀, ó bi í léèrè ohun tó ń gbọ́. Fèrè mọ ohun tí ìka yẹn ń bèèrè.

“Orin ni, Àǹtí mi. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, mò ń gbọ́ yín.”

Obìnrin náà bá ọ̀rọ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Nígbà tó yá, wọn a gun òkè náà, wọn a sọ̀ kalẹ̀, láìsí gbólóhùn kan. Fèrè rò pé ó ti rẹ ẹ̀gbọ́n òun ni. Kí n má purọ́, ara tù ú, torí kò ní láti máa méfò ohun tó ń sọ mọ́.

Àfi òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ táńkì omi, tí obìnrin náà dúró, tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ̀rọ̀, Fèrè kò sì rí ẹnu rẹ̀ dáadáa. Atẹ́gùn ń fẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin gbọ́ ohun tó sọ, torí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ kò gbọ́ ọ.

Ó ní, “Ọmọ mi ní kí n fún òun lésì lónìí. Ká sọ tòótọ́, mi ò fẹ́ lọ. Mo ti dàgbà jù láti lọ bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé tuntun. Àmọ́ bí mo bá dúró, ìwọ nìkan ni màá gbára lé, mi ò sì fẹ́ di ẹrù sí ọ lọ́rùn. Ṣé kí n máa lọ ni?”

Fèrè rí i pé ẹnu dákẹ́. Ó rí i pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ojú sókè, tó ń retí nǹkan. Ó méfò pé ọ̀rọ̀ ọmọ tuntun yẹn ni, bóyá ó ti ń jókòó. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ó dáa bẹ́ẹ̀, Àǹtí mi. Ó dáa gan-an ni.”

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Obìnrin náà wò ó títí, ó fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ṣíwájú sọ̀ kalẹ̀. Fèrè tẹ̀ lé e, inú rẹ̀ dùn pé òun tún ti bọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jáde wá rìn fún bíi ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní ọwọ́ òun dí. Nígbà tí Fèrè lọ wò ó, àpótí mẹ́ta ló bá nílẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ti di igi lásán, ọkọ̀ tí ọmọ rán wá sì ti dúró níta. Yàrá náà dákẹ́. Ó yọ hẹ́dífóònù kúrò létí.

“Àǹtí mi, kí lèyí?”

“Ṣé o ti gbàgbé ni? Ìwọ náà lo ní ó dáa.”

“Kí ni mo ní ó dáa?”

Ó sọ ọ́ fún un. Ó kọjú sí i, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Fèrè sì gbọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó jókòó lórí àpótí.

“Mi ò gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò gbọ́ ohun tẹ́ ẹ sọ lọ́jọ́ náà. Etí mi ti di. Ó ti pẹ́ tó ti di.”

“Orin ńkọ́?”

“Kò sí orin níbẹ̀. Kò sí orin níbẹ̀ rí.”

Obìnrin náà jókòó tì í. Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀ bí nọ́ọ̀sì ṣe máa ń ṣe, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì.

“Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ti sú ọ ni,” ó ní. “Lọ́jọ́ tó o gbé nǹkan yẹn sétí wá bá mi rìn, mo ní, ó ti tó, ó fẹ́ sinmi lọ́wọ́ mi. Kí n tó bi ọ́ léèrè níbi táńkì ni mo ti mọ̀ pé wàá ní kí n máa lọ. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni.”

“Ẹ má lọ. Mo ti tún yàrá ṣe. Ẹ dákun.”

“Ìyàwó ọmọ mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Èmi ni wọ́n ń retí kí n wá gba ọmọ. Mo ti fún ẹlòmíì ní kọ́kọ́rọ́ ibí.” Ó sunkún, ó sì rẹ́rìn-ín pẹ̀lú. “Ìwọ ọmọ yìí. Kí ló dé tó ò sọ fún mi? Ǹ bá máa pariwo.”

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Fèrè bá wọn ru àpótí sínú ọkọ̀, ó sì dúró níbẹ̀ títí ọkọ̀ fi yà ní kọ́nà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jáde láìfi nǹkan kan sétí. Ẹni àkọ́kọ́ tó kí i, ó lọ bá a, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè, etí mi ò gbọ́ mọ́.” Ẹni náà ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, a ò mọ̀ ni,” ó sì tún kí i, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú ohùn tó ròkè. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnì kejì náà kò rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kẹta. Bó ṣe rọrùn tó láti sọ gan-an ló ń gún un lọ́kàn bó ṣe ń rìn lọ. Nígbà tó dé ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì, obìnrin kan tí kò mọ̀ rí ń sá aṣọ níwájú yàrá méjì náà. Obìnrin náà la ẹnu, ó kí i. Fèrè dúró, ó sì sọ fún òun náà.