Ó Kan Láyíwọlá

Àbúrò mi Láyíwọlá ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí ó tó sọ pé òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi gìtá ṣíwájú orin. Ẹ má rò pé kò mọ gìtá tẹ́lẹ̀ o. Láti kékeré ló ti ń ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Iléṣà, ó sì ń ta á títí di òní ní ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ ní Houston. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló máa ń wà. Àwọn ẹlòmíràn á máa dárà níwájú, tirẹ̀ á máa lọ lábẹ́ orin bí ẹni ń gúnyán nínú ilé kejì, kò sì sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ àfi bó bá dákẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ilé ayé rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe ẹnjiníà ní ilé-iṣẹ́ epo kan níbí, ipò igbákejì ọ̀gá ló sì wà tó fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kí ó wá jẹ ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló ní ẹnì kan wà níbẹ̀ tó dàgbà ju òun lọ. Adéṣẹwà ìyàwó rẹ̀ sunkún nígbà kejì. Èmi ní tèmi, mo bú u. Èmi ni Mọ́pẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọdún méje ni mo fi jù ú lọ. Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ilé rẹ̀ ní Mission Bend ni mo sì ń gbé láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Ẹnu mi kì í dúró sójú kan, gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Òyìnbó arúgbó kan tó ń jẹ́ Wendell ló kó ọ̀rọ̀ yìí sí i lórí. Ilé kẹta sí tiwa ni baba náà ń gbé, bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé ló ń wà nígbà tó ṣì lágbára. Tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, á ṣí gáréèjì rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, á jókòó sórí àga onírin, á máa ta gìtá. Dókítà ti ní kí Láyíwọlá máa rìn lójoojúmọ́, ibi tó ti ń rìn lọ ló ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Nígbà tí yóò fi wọlé, ọbẹ̀ ti tutù. Ó ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé gìtá lásán tí kò lo iná ń sáré bí omi òjò nínú gọ́tà, síbẹ̀ èèyàn lè ka ìró rẹ̀ ní méní, méjì.

Bluegrass ni wọ́n ń pe orin náà, orin àwọn ará orí òkè tó jìnnà sí Texas ni. Kò sí ìlù níbẹ̀ rárá. Gìtá ni, pẹ̀lú fáólìn tí wọ́n ń gbé lé èjìká, báńjò tí inú rẹ̀ rí roboto bí àwo, mandolíìnì tí kò ju ìdajì gìtá lọ, àti gòjé ńlá kan tó ga ju ẹni tó ń lù ú lọ. Gbogbo wọn á jọ máa lu orin kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n á máa gbé iwájú fún ara wọn. Báńjò á ṣíwájú, á dárà tirẹ̀ tán, á gbé e fún fáólìn, fáólìn á gbé e fún gìtá. Ṣíṣíwájú yẹn ni wọ́n ń pè ní líìdì, òun sì ni Láyíwọlá ní kí Wendell kọ́ òun.

Ọdún méjì gbáko ló fi kọ́ ọ, ojú mi ló sì ṣe. Ike pẹlẹbẹ kan tó rí bí èékánná ńlá ni wọ́n fi ń ta okùn gìtá náà. Wendell ní ọwọ́ gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀, kó bọ̀ lókè, kó lọ sílẹ̀, kó bọ̀ lókè, ì báà jẹ́ pé kò kan okùn kankan. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan fún un tó ń dún kọ́, kọ́, kọ́. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà ń falẹ̀ débi pé mo lè kí Adéṣẹwà kú àbọ̀, kó dá mi lóhùn, kí ìkejì tó dún. Ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ, wọ́n ń fi díẹ̀ kún ìyára rẹ̀. Awọ ìka rẹ̀ bó, ó tún hù, ó tún bó. Mo yẹ ìka náà wò bí nọ́ọ̀sì, mo ní kí ó sinmi, ó ní kò dun òun. Irọ́ ló pa. Nígbà tó yá, orí ìka rẹ̀ le bí gìgísẹ̀, kò sì dùn ún mọ́ lóòótọ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ibì kan wà nínú orin kan tó dá a dúró fún oṣù kan. Ọwọ́ òsì ní láti sáré gòkè lọ́rùn gìtá, kí ọwọ́ ọ̀tún sì máa fo okùn kan kọjá. Lójoojúmọ́ ló ń ṣubú síbẹ̀. Mo máa ń jókòó sí kíṣìnnì bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà, etí mi á sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè kan, ó dé ibẹ̀, ó sì kọjá bí ẹni tó ń wọlé ara rẹ̀. Kò pariwo, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kàn padà síbẹ̀rẹ̀, ó tún un ṣe. Ẹ̀wà tí mo ti ṣà, mo dà á pọ̀ mọ́ èyí tí n kò tíì ṣà. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ó mọ̀.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà: inú gáréèjì Wendell àti inú ilé wa nìkan ló ti ń ta líìdì.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, lọ́jọ́ Sátidé, àwọn tó ń ta orin yìí, Wendell náà pẹ̀lú wọn, máa ń péjọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún gìtá ṣe, lójú ọ̀nà Fulshear. Wọ́n á to àga yípo lábẹ́ igi, ẹni tó bá mú gìtá wá á jókòó. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Zoe ló ń darí wọn, ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ, mandolíìnì ló ń lù. Tó bá kàn ọ́ láti ṣíwájú, Zoe á forí júwe sí ọ. Gbogbo àwọn yòókù, àgbà wọn àti ọmọdé wọn, á rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Tó ò bá fẹ́, wàá mirí, á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Òfin wọn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo bá Láyíwọlá lọ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ. Zoe forí júwe sí i. Àbúrò mi, ọmọ tó gba ẹ̀kọ́ ilé, rò pé wọ́n ń kí òun ni. Ó tẹrí ba dáadáa, ó tún fi ọwọ́ méjèèjì kí wọn yí ká. Àwọn èèyàn yẹn gbà pé ó ti gbà á nìyẹn, ni gbogbo wọn bá rẹ ohùn sílẹ̀ fún un. Wọ́n ń retí rẹ̀, òun náà ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Orin yẹn lọ yípo kan lófìfo kí Zoe tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tó ti wá mọ ìtumọ̀ rẹ̀ pàápàá, tí Zoe bá forí júwe, yóò mirí, yóò sì nawọ́ sí ẹni tó dàgbà jù níbẹ̀. Ọdún méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, Wendell wá sílé wa. Àrùn oríkèé ti mú ìka rẹ̀, wọ́n ti wú bí atalẹ̀, kò lè sáré lórí gìtá mọ́. Ó ní ọmọ òun obìnrin tó wà ní Oklahoma fẹ́ kí òun wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, pé ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ọkọ̀ ẹrù máa dé. Ó mu omi tí mo gbé fún un tán kí ó tó kọjú sí Láyíwọlá.

Ó ní, “Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo ti fún ọ. Kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ rí lẹ́yìn èmi àti àwọn ará ilé rẹ. Ní Sátidé yìí, mo fẹ́ gbọ́ ọ láàárín àwọn èèyàn kí n tó lọ.”

Láyíwọlá tẹrí ba, ó ní òun ti gbọ́, sà. Mo mọ̀ pé kò ní ṣe é.

Bí Wendell ti jáde ni mo da ọ̀rọ̀ bo Láyíwọlá. Mo ní kí ló ń bà á lẹ́rù, ṣé bí baba arúgbó ṣe máa fọwọ́ òfo lọ nìyẹn? Mo ní ọ̀wọ̀ tó ń ṣe yẹn kì í ṣe ọ̀wọ̀ mọ́, ibi ìsápamọ́ ni. Mo sọ ti ipò ọ̀gá tó kọ̀, mo sọ ti ẹkún Adéṣẹwà. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi dá mi lóhùn.

“Àǹtí Mọ́pẹ́, ẹ̀yin náà lẹ gbá mi létí ní ọjọ́ ìkórè.”

Mo ní ìkórè wo. Ó gbé gìtá rẹ̀ wọ yàrá. Orí ìjókòó yẹn ni mo wà tí gbogbo rẹ̀ fi padà wá. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, èmi jẹ́ méjìdínlógún. Bọ̀dá Adélékè ló ń ta gìtá àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà. Láàárín orin ìdúpẹ́, gìtá kékeré ọwọ́ Láyíwọlá ṣàdédé jáde síwájú, ó ń dárà, àwọn èèyàn ń bojú wẹ̀yìn. Ó dùn. Mo rántí pé ó dùn. Ṣùgbọ́n ojú Bọ̀dá Adélékè fàro, ojú sì tì mí. Nígbà tí ìsìn parí, mo fà á sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbá a létí, mo bi í pé ta ló ní kí ó ṣíwájú àwọn àgbà.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo fi ń bú u pé kì í ṣíwájú, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo lé e sẹ́yìn. Ojú tì mí débi pé ọjọ́ mẹ́ta ni n kò lè wo ojú rẹ̀ nídìí tábìlì oúnjẹ. Ó sì yẹ kí n bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi tí kì í sinmi, kò rí ọ̀rọ̀ náà sọ. Nígbà tí Sátidé dé, mo kàn wọ bàtà mi, mo lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Oòrùn mú lọ́jọ́ náà. Wendell jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún Láyíwọlá, gìtá rẹ̀ lórí itan, ó rọra ń fi ọwọ́ tó wú yẹn gbe orin lẹ́sẹ̀. Èmi wà lórí àga kan lódìkejì, níta àwùjọ wọn. Orin tó ní ibi tó ṣòro yẹn ni Wendell ní kí Zoe dá. Báńjò ta tirẹ̀, fáólìn tẹ̀ lé e, ìdùnnú ń lọ yípo. Ìgbà náà ni Zoe gbójú sókè, ó forí júwe sí àbúrò mi. Gbogbo wọn rẹ ohùn sílẹ̀.

Mo rí i tí ojú Láyíwọlá ń wá àgbà tí yóò gbé e fún. Ó wo Wendell, Wendell ń wo ilẹ̀. Ó wo ọkùnrin tó ń lu gòjé ńlá, ìyẹn di ojú. Ni ojú rẹ̀ bá kan ojú mi. Èmi ni àgbà tó ń wá láti ọjọ́ yìí wá. Mo forí júwe sí i.

Mo ní, “Láyíwọlá, ó kàn ọ́.”

Ó ta á. Ìró àkọ́kọ́ gbọ̀n, èkejì dúró, nígbà tí yóò fi di ìkarùn-ún, ó ti ń lọ. Nígbà tó dé ibi tó ṣòro yẹn, ìka kan yẹ̀, ìró kan já sọnù. Ọkàn mi já pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń bọ̀ lókè, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó sì bá orin náà délé láìpẹ́ láìyá. Àwọn kan kígbe orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe lè pè é mọ.

Ó wá kàn án láti gbé e fún ẹni tó kàn. Ó yíjú sí Wendell, ó forí júwe sí olùkọ́ rẹ̀. Wendell wò ó. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo okùn gìtá tirẹ̀, ó mirí, ó sì fi àgbọ̀n tọ́ka padà sí Láyíwọlá. Kò sí àgbà kankan níwájú rẹ̀ mọ́. Àbúrò mi tún gbé e, ó di ojú, ó gba ibi tó ṣòro náà kọjá bó ṣe ń gbà á kọjá nínú ilé wa, ó tún fi àrà kan kún un tí n kò gbọ́ rí. Wendell ṣí fìlà rẹ̀ lórí. Èmi ń sunkún ní gbangba, n kò sì bìkítà.

Nígbà tí orin náà tán, ó rọra gbé gìtá sórí àga, ó wá bá mi níbi tí mo jókòó. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi, èyí tí mo fi gbá a létí lọ́jọ́sí, mo fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ti hu irun funfun.

Mo ní, “Mo ṣe àṣìṣe, àbúrò mi. Ó dùn nígbà yẹn náà.”

Ó di ọwọ́ mi mú síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún, Zoe ti ń dá orin mìíràn, báńjò ti gbé e.

Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, Àǹtí mi. Ó ti tún fẹ́ kàn mí.”